Kíkí Tí Bàbá Mi Kí Ẹ̀rọ

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò rí i kí bàbá mi bá ẹnikẹ́ni sọ ohun tó bá wá láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ kí i tán. Mo ní kí i tán o. Kì í ṣe ẹ káàárọ̀ lásán kó wá kó sọ́rọ̀. Á béèrè ilé, á béèrè ọmọ, á béèrè iṣẹ́, á kí ọ kú ooru bí ooru bá mú, á kí ọ kú òjò bí òjò bá rọ̀, á sì fi àdúrà kan tì í lẹ́yìn. Ìgbà tí o bá ṣe àmín tán ni yóò tó sọ pé búrẹ́dì kan lòun wá rà. Bó ṣe ń ṣe ní Ṣakí tí wọ́n ti bí i nìyẹn, bó sì ṣe ń ṣe nìyẹn ní Libreville, lórílẹ̀-èdè Gabon, tó bí àwa ọmọ rẹ̀ sí.

Faransé rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ ìwọ̀nba tó ní, ìkíni ni gbogbo rẹ̀. "Bonjour, mon fils. Et la maison? Et les enfants? Et la fatigue?" Ọmọ mi, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, àárẹ̀ ńkọ́, ohun tó ń wí nìyẹn. Ó tilẹ̀ túmọ̀ "ẹ kú ìjókòó" sí ohun kan tí n kò lè kọ síbí, torí pé kò sí ọmọ Faransé tó gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ojú máa ń tì wá. Bí mo bá tẹ̀lé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba nígbà tí mo wà ní kékeré, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Ṣùgbọ́n mo tún máa ń rí i pé ọ̀gá tó wà lẹ́yìn gíláàsì, tó ti ń jágbe mọ́ gbogbo èèyàn látàárọ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní "Papa, ça va," á sì na ọwọ́ gba ìwé rẹ̀. Bàbá mi á wá yíjú sí mi, á ní, "O rí i? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Iṣẹ́ tí mo wá ń ṣe nígbà tí mo dàgbà ló jẹ́ kí n mọ ìtàn yìí látòkè délẹ̀. Ọ́fíìsì ìjọba kan ní àdúgbò Plaine Orety ní Libreville ni mo wà, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ni àwọn àlejò tó ń gbé Gabon ti ń tún kaàtì ìgbélùú wọn ṣe bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé. Tẹ́lẹ̀, ìlà ni wọ́n ń tò. Ilẹ̀ kò ní tíì mọ́ dáadáa tí àwọn èèyàn á ti dé, wọ́n á fi òkúta tàbí sálúbàtà dí àyè wọn mú, oòrùn á pa wọ́n, òjò á pa wọ́n. Bó bá wá kan ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá, wọ́n á ní ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò ti bàjẹ́, kó padà wá lọ́la. Àwọn tó mọ èèyàn nínú ọ́fíìsì ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀.

Nígbà tí wọ́n wá sọ pé kí á máa bá aráàlú ṣe é lórí wasáàpù, inú mi dùn débi pé mò ń ròyìn rẹ̀ kiri. Ta ni kò ní wasáàpù ní Libreville? Ìyá tó ń ta ẹja ní i, ẹni tó ń mọ bíríkì ní i. Wọn ò ní láti ra kọ̀ǹpútà, wọn ò ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ohun tuntun kankan. Nọ́ńbà kan ni. O ó ya fọ́tò ìwé rẹ, o ó fi ránṣẹ́, ẹ̀rọ á sọ pé òun ti rí i gbà, bó bá yá, á dá ọjọ́ tí o máa wá tẹ ìka fún ọ. A tún ṣí ojú ìwé kan lórí ìkànnì níbi tí mo ti ń dáhùn ìbéèrè àti èébú, èébú ló sì pọ̀ jù. Ẹnì kan á bú mi débi tí yóò kan àwọn tó bí mi, màá mu omi, màá kọ ọ́ sí i pé ẹ ṣeun tí ẹ kàn sí wa. N kì í ṣe onísùúrù. Owó oṣù ló kọ́ mi ní sùúrù.

N kò ní parọ́, ọ̀nà náà dára. Obìnrin kan kọ̀wé sí wa láti ìgbèríko pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, òun ò lè gbé ọmọ tuntun wá tò sórí ìlà. Orí ibùsùn rẹ̀ ló wà tó fi gba ọjọ́, nígbà tó sì dé, kò pẹ́ lọ́dọ̀ wa rárá. Èmi gan-an ni mo kọ ọ́ sójú ìwé wa pé ojúsàájú ti tán, pé kò sí ọwọ́ èèyàn tó lè gbé ẹnì kan ṣáájú ẹnì kejì mọ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Bí wọ́n ṣe ṣe ẹ̀rọ náà nìyẹn, àwa tí à ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀ pàápàá kò lè yí ìlà rẹ̀ padà. Mo fi yangàn gan-an.

Ó ku ohun tó yẹ kí n ṣàlàyé nípa ìwà ẹ̀rọ náà. Bó bá dá ọjọ́ fún ọ, á ní kí o tẹ oókan bí o bá gbà á. Bí ohun mìíràn bá ṣáájú oókan, ohun yòówù kó jẹ́, ó gbà pé o ò fẹ́ ni, á sì gbé ọjọ́ náà fún ẹni tó kàn. Wọn ò ṣàdédé ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn ti pọ̀ jù tí wọ́n ń gba ọjọ́ tí wọn kì í yọjú, tí àyè wọn ń ṣòfò. Ẹ̀rọ náà kì í sì í gbọ́ ohùn. Bí o bá gba ohùn rẹ sílẹ̀ tí o fi ránṣẹ́, á jù ú sí ibì kan nínú kọ̀ǹpútà níbi tí gbogbo irú rẹ̀ ń lọ, kò sì sẹ́ni tí wọ́n yàn láti máa gbọ́ wọn. A máa ń sọ ọ́ nínú ìpàdé pé ó yẹ kí á rí ẹnì kan fi síbẹ̀. Ibi tí à ń sọ ọ́ dé ni ìpàdé máa ń tú.

Bàbá mi ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ní Ṣakí. Ìyá Ṣakí là ń pè é nílé wa. Ìyá tó bí wọn kú nígbà tí wọn ò tíì já bàbá mi lẹ́nu ọmú, ẹ̀gbọ́n yìí, tí òun náà ṣì jẹ́ ọmọge, ló gbé e pọ̀n. Ó gbé e pọ̀n lọ sóko, ó gbé e pọ̀n lọ sódò, wọ́n ní ọkọ tó kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ ẹ yọwọ́ torí pé kò gbà láti fi ọmọ náà sílẹ̀. Bí bàbá mi bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í sọ pé ẹ̀gbọ́n mi. Ó máa ń sọ pé, "ẹni tó tọ́ mi."

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, wọ́n pè wá láti Ṣakí pé ara Ìyá kò le mọ́, pé ó ń béèrè àbúrò rẹ̀. Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ bí wọ́n bá sọ fún àgbàlagbà pé arúgbó tó wà lórí àìsàn ń béèrè rẹ̀, ó ti mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Bó bá jẹ́ tọkàn rẹ̀ ni, ọjọ́ yẹn gan-an ni bàbá mi ì bá lọ. Kaàtì rẹ̀ ló dá a dúró. Ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ẹni tó bá sì jáde ní Gabon láìní kaàtì tó dájú lọ́wọ́, àtiwọlé rẹ̀ padà di ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ìyá mi wà ní Lalala, àdúgbò tí wọ́n ń gbé ní Libreville, ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi ti ń ta bọ́tìnnì, òwú àti síìpù fún àwọn télọ̀ wà ní Lalala. Ìyá mi ní kó máa lọ, kí ó fi ìyókù lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Bàbá mi ní rárá, òun ò ní sá wọ ìlú bí olè lọ́jọ́ ogbó òun. Kí wọ́n tún kaàtì náà ṣe fún òun, kò ní pẹ́, òun á sì gbéra.

Mo kúrò nílé mi ní Avéa lọ́jọ́ Àìkú kan, mo lọ bá a, a jọ fi àwọn ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ láti orí fóònù rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gba ìyókù rẹ̀ sórí fóònù tèmi."

"Rárá o. Wọ́n á ní ọmọ mi ló ṣe é fún mi. Ṣebí ìwọ lo kọ ọ́ fáyé kà pé kò sí ojúsàájú mọ́?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo mọ wasáàpù lò."

Ó mọ̀ ọ́n lò lóòótọ́. Kò kàn mọ ìwé kọ sórí rẹ̀ ni. Ohùn ló máa ń fi ránṣẹ́. Kò sí Yorùbá kan ní Libreville tí kì í gba ohùn bàbá mi ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ìkíni tó gùn débi pé o lè wọ takisí láti Lalala kí o bọ́ọ́lẹ̀ ní àárín ìlú kó má tíì parí. Ó máa ń dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn àdúrà kọ̀ọ̀kan kí ẹni tó ń gbọ́ ọ lè ráyè ṣe àmín.

"Bàbá, Faransé ni wọ́n máa fi kọ ọ́ tí wọ́n bá dá ọjọ́ fún yín. Ẹ máa rí rendez-vous níbẹ̀, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n dá. Kí ẹ kàn tẹ oókan."

"Oókan. Mo gbọ́."

"Oókan nìkan o, Bàbá."

"Ṣé adití ni mo dà lójú rẹ ni?"

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí wò títí, n kò sì lè sọ pé kò gbọ́ràn. Lójú tirẹ̀, oókan ni iṣẹ́ tí mo rán an, ìkíni kò sí lára iṣẹ́. Bí mo bá ní kí ẹnì kan lọ sọ fún Lèmọ́mù pé ìpàdé ti di ọ̀la, ṣé mo tún ní láti sọ fún un pé kó kọ́kọ́ kí Lèmọ́mù? Ta ni wọ́n ń sọ irú ìyẹn fún tí kì í bínú?

Ìyá mi ló ròyìn bó ṣe lọ fún mi. Inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n wà nígbà tí iṣẹ́ tí ẹ̀rọ rán sí i wọlé. Bàbá mi rí i pé ìjọba ni, ó dìde lórí àga, ó tún fìlà rẹ̀ dé. Ó ní kí àwọn oníbàárà ṣe sùúrù. Ó gbé fóònù sẹ́nu, ó sì kí wọn. Nígbà tó kí wọn tán, ó jókòó, ó wá tẹ oókan.

Kó tó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ti kọ iṣẹ́ mìíràn sí i. Ó ní òun ti gbé ọjọ́ náà fún ẹlòmíràn, bí ó bá fẹ́ kí òun tún fi orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn ìlà, kó tẹ oókan. Bàbá mi kò lè ka gbogbo ìyẹn. Ó tẹ oókan tirẹ̀. Ẹ̀rọ dá a lóhùn, ó ní, "Merci."

Ó mọ merci. Ó fi fóònù han ìyá mi, ó ní, "Wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." Ọjọ́ tó rí nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́ ló mú sọ́kàn, torí pé ó mọ nọ́ńbà kà dáadáa. Ó pè mí.

"Wọ́n ti dá ọjọ́ fún mi."

"Ṣé ẹ tẹ oókan?"

"Mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní merci."

Ọkàn mi balẹ̀. Merci yẹn náà ni ẹ̀rọ máa ń sọ fún ẹni tó bá gba ọjọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó wà nípò mi, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Lọ́jọ́ tó yẹ kó lọ, ó wọ aṣọ tó fi kírun Iléyá, ó dé ẹnu géètì wa kí wọ́n tó ṣí i. Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ ní kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́, orúkọ àwọn tó máa wọlé lọ́jọ́ yẹn ló wà lórí rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ náà ló padà sọ fún mi pé bàbá náà kí òun, pé ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ òun bí ẹni tó mọ̀ wọ́n, pé ìdí nìyẹn tí òun fi wá orúkọ náà títí. Kò rí i.

"Papa, orúkọ yín ò sí nínú liste o."

"Ẹ tún un wò, mon fils. Wọ́n ti fún mi ní rendez-vous."

"Mo ti tún un wò, Papa. Ẹ padà sílé, ẹ lọ bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀."

"Mo ti bá a sọ̀rọ̀," ni bàbá mi wí.

Mo wà lókè nínú ilé kan náà, ojú fèrèsé mi kọjú sí ọ̀nà kejì. Kò pè mí. Ó dúró ti ògiri fúngbà díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣọ́ ṣe sọ, bóyá wọ́n á tún pe òun, lẹ́yìn náà ó wọ takisí padà sí Lalala. Ìyá mi ló pè mí ní ọ̀sán. Ó dùn mí pé kò pè mí, ó ṣì ń dùn mí títí di báyìí.

Mo ṣí ohun tó wà lórí nọ́ńbà rẹ̀, kò sì pẹ́ tí mo fi rí i. Ohùn ló kọ́kọ́ wọlé, oókan tẹ̀lé e. N kò tẹ ohùn náà nígbà yẹn, ohun tó wà lọ́kàn mi ni bí màá ṣe rí ọjọ́ mìíràn gbà fún un. Ó ti padà sẹ́yìn pátápátá, sẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn.

Mo lọ bá ọ̀gá mi. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ó fún mi ní àga, ó tilẹ̀ pe àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà lórí fóònù níṣojú mi. Wọ́n ní bí àwọn bá lè ṣí i fún ẹnì kan, àwọn lè ṣí i fún gbogbo ayé nìyẹn, ibi tí a ti ń sá bọ̀ ni a ó padà sí. Ọ̀gá mi wò mí. Ó ní, "Ìwọ náà lo kọ ọ́ pé kò sí ojúsàájú mọ́." Kò fi bú mi, ó kàn sọ ọ́ ni.

Mo jáde sórí àkàsọ̀, inú ń bí mi. Mo ń wá ẹni tí màá bínú sí, n kò rí. Ẹ̀ṣọ́ ṣe tirẹ̀, ọ̀gá ṣe tirẹ̀, bàbá mi ṣe ju ohun tí wọ́n ní kó ṣe lọ. Mo padà sídìí iṣẹ́, ẹnì kan sì ti ń bú wa lórí ìkànnì pé ọ̀lẹ ni wá. Mo fẹ́ sọ fún un pé òótọ́ lo sọ. Mo kọ ọ́ sí i pé ẹ ṣeun tí ẹ kàn sí wa.

N kò lè sọ fún bàbá mi pé ìkíni tó kí wọn ló gba ọjọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ ló ṣe àṣìṣe. Ó ní kò burú, pé àwọn èèyàn pọ̀ níwájú àwọn òṣìṣẹ́ wa, pé àwọn náà ń gbìyànjú. Òun ló tún wá ń tù wọ́n nínú.

Lẹ́yìn ìyẹn, lójoojúmọ́ ló ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ṣakí lórí fídíò kí wọ́n lè jọ rí ojú ara wọn. Ọmọ Ìyá Ṣakí obìnrin ló máa ń gbé fóònù dání níwájú ìyá rẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìyá náà ti rù gan-an, orí ẹní ló dùbúlẹ̀ sí, ó ń wo fóònù bí ẹni ń wo ẹnu ọ̀nà.

"Ṣé ọ̀nà yẹn ló jìn tó báyìí?"

"Kò jìn, ẹ̀gbọ́n mi. Ìwé ni wọ́n ń bá mi ṣe."

"O ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

Àgbàlagbà tó ti ní ọmọ-ọmọ, tó ní irun funfun lágbọ̀n, ń dáhùn bí ọmọ ilé-ìwé pé òun ti jẹun. Mo jáde síta torí pé n kò fẹ́ kí ìyá mi rí ojú mi.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni Lèmọ́mù àti olórí àwọn ará Ṣakí tó wà ní Libreville jọ yà sílé ní Lalala. Èmi náà wà ńbẹ̀. A kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu àgbà lórí fóònù, àwọn ni wọ́n pè láti ilé kí wọ́n lọ bá a. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n gba omi. Wọ́n kí bàbá mi kú ìsinmi, wọ́n kí i kú ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n béèrè ṣọ́ọ̀bù, wọ́n béèrè àwa ọmọ níkọ̀ọ̀kan. Bàbá mi ń dá wọn lóhùn. Bí ìkíni náà ṣe ń gùn sí i, mo rí i pé ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, torí pé òun tó mọ ìkíni bí ẹní mowó ti gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán.

"Ìgbà wo ni?"

"Àárọ̀ yìí ni," ni Lèmọ́mù wí. "Wọ́n ti fẹ́ gbé e lọ sí ilé rẹ̀."

Nínú ẹ̀sìn wa, a kì í fi òkú sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ká ní bàbá mi ní ìyẹ́ pàápàá, kò lè bá wọn débẹ̀. Ó ní ọ̀dọ̀ Ọlọ́run la ti wá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà la ó padà sí. Lẹ́yìn náà ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n wá, ó ní oòrùn yẹn mà mú, ẹ kú ìrìn.

Nígbà tí ẹ̀rọ padà dá ọjọ́ mìíràn, èmi ni mo tẹ oókan. Kò bá mi jiyàn mọ́. Ó lọ, ó tẹ ìka, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n sì fún un ní kaàtì. Kaàtì náà dára, ó ń dán. N kò fẹ́ wò ó.

Ọjọ́ tó lọ tẹ ìka yẹn gan-an ni mo wá ohùn rẹ̀ lọ síbi tí àwọn ohùn wà. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀ lọ́nà tó ya mí lẹ́nu. Mo fi ohun ìgbọ́rọ̀ sétí, mo tẹ̀ ẹ́. Ó kọ́kọ́ fi Faransé kí wa, nígbà tí Faransé tán lẹ́nu rẹ̀, ó bọ́ sí Yorùbá bí ẹni bọ́ bàtà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ kú làálàá. Ṣé ilé dáa? Ṣé àwọn ọmọ wà dáadáa? Òjò àná yẹn, a kú ewu rẹ̀. Mo rí iṣẹ́ tí ẹ rán sí mi, mo sì gba ọjọ́ tí ẹ dá, màá wá. Ẹ má bínú pé mò ń yọ yín lẹ́nu, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ara rẹ̀ ò yá ní Ṣakí. Òun ló tọ́ mi. Mo fẹ́ fojú kàn án ni. Ìwọ tí o ń gbọ́ mi yìí, mi ò mọ̀ ọ́, bóyá ọkùnrin ni ọ́, bóyá obìnrin ni ọ́. Ọlọ́run á jẹ́ kí bàbá rẹ jẹun ọmọ. Ohun tí bàbá rẹ bá nawọ́ sí, kò ní bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́."

Ó dákẹ́ díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Mo ṣe àmín, mo ṣe é sókè nínú ọ́fíìsì, ẹni tó jókòó tì mí sì bojú wò mí. Lẹ́yìn ìyẹn ni bàbá mi wá sọ pé, "Ó dáa. Mo fẹ́ tẹ oókan báyìí."

Nígbà tí mo ṣíwọ́, Lalala ni mo gbà lọ. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń ṣa bọ́tìnnì, ó ń ya funfun sọ́tọ̀ kúrò lára aláwọ̀ wàrà. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo bá a ṣa díẹ̀.

"Bàbá, mo rí ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa nígbà yẹn."

"Ẹ̀hẹ́n. Wọ́n gbọ́ ọ dáadáa, àbí?"

Mo lè parọ́. Mo ti parọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sì ṣe é láǹfààní kankan.

"Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ, Bàbá. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lónìí."

Ó dá ọwọ́ dúró. "Kò sẹ́nì kankan?"

"Kò sí. Ẹ̀rọ nìkan ló wà níbẹ̀."

Ó wo bọ́tìnnì tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí.

"Nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn," ló wí, "ó ní kí n sọ fún àwọn ará ibí pé òun ni òun ní kí n máa bọ̀. Ó ní bí wọ́n bá ti gbọ́ pé àgbà ló ránṣẹ́, wọ́n á jẹ́ kí n lọ."

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Mo ní mo ti sọ fún wọn. Mo ní wọ́n ti gbọ́, wọ́n sì ní kí n kí i." Ó da bọ́tìnnì náà padà sínú abọ́. "Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."